Oríire Kò Sí Nídìí Ìgbálẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró ní Costain ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ yóò rí Èkó nígbà tí ó ń jí. Èrò Orílé ń bọ̀, ti Ojúẹlẹ́gba ń bọ̀, àwọn tí ń lọ sí Àpápá àti àwọn tí yóò gba orí afárá Èkó kọjá sí erékùṣù ń já ara wọn gbà ní oríta tí ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Òórùn àkàrà àti èéfín ọkọ̀ dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ìyá oníbúrẹ́dì kò gbà kí ẹni àkọ́kọ́ ná ọjà kí ó sì máa lọ láìrà, nítorí pé òun kò tíì tajé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sì dára yóò ba ọjà gbogbo ọjọ́ náà jẹ́. Awakọ̀ dánfó kan so ońdè mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ náà ti jẹ tán, ó ń dán bí orí apárí. Ọmọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ilé-ìwé, tí ó di bíro àti rúlà mọ́wọ́, ń yára lọ sí ibi ìdánwò àṣekágbá. Ó fi ẹsẹ̀ òsì kọ òkúta. Ó dúró.

Ìdúró yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Wọ́n ti sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé pé ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ òsì kọ nígbà tí ó ń lọ sí ibi pàtàkì, àgbákò ni ó wà níwájú rẹ̀, kí ó padà sílé, kí ó jókòó díẹ̀, kí ó tó tún jáde. (Ní ilé kejì, lẹ́yìn ògiri kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ń bẹ̀rù, òsì ni ó ń mú ire wá fún wọn. Kò sí ẹni tí ó pe ilé méjèèjì jọ láti bi wọ́n èwo ni kí òkúta gbà gbọ́.) Bí ọmọ náà bá padà, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Costain kò ní í dúró dè é. Yóò pẹ́ dé gbọ̀ngàn ìdánwò, àyà rẹ̀ yóò máa já, ìdáhùn tí ó mọ̀ dáadáa yóò pòórá lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí èsì bá jáde tí kò dára, ìyá àgbà yóò mi orí, yóò ní, "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?" Bí ó bá sì kọ etí dídi sí òkúta, tí ó lọ, tí ó yege, ta ni yóò rántí òkúta náà? Ìwé ìṣirò tí ìgbàgbọ́ yìí ń lò kò ní ojú-ewé fún àṣìṣe. Ọjọ́ tí ó bá bọ́ sí i nìkan ni ó ń kọ sílẹ̀.

Òwe Yorùbá kan ti ya àwòrán irú èrò bẹ́ẹ̀ kínníkínní: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa òwe yìí bí ẹni pé ẹ̀rí tí kò ṣeé já ní koro ni. Kò sí ẹni tí ó béèrè iye òru tí àjẹ́ ti ké tí ọmọ kankan kò kú, tàbí iye ọmọ tí ibà pa ní òru tí gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́.

Ta ni ó wá kọ́ ọmọ náà? Ilé ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kíláàsì Yorùbá ni ó fi òǹtẹ̀ lù ú fún un. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú ẹ̀kọ́ àṣà mọ bí ó ti máa ń rí. Olùkọ́ yóò fa ìlà sí àárín pátákó. Ní apá òsì ni yóò kọ èèwọ̀ sí, ní apá ọ̀tún ni yóò kọ ìdí rẹ̀ sí. A kì í jókòó lórí odó: kí ìdọ̀tí má bàa bọ́ sínú oúnjẹ. A kì í gbálẹ̀ lóru: kí a má bàa gbá ohun iyebíye dànù. A kì í fi ìgbálẹ̀ na ọkùnrin: nítorí pé ìgbálẹ̀ dọ̀tí. A kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà: kí a má bàa dí ẹni tí ń kọjá lọ́wọ́. Bí ó ti ń kọ ni àwọn ọmọ ń dà á kọ, bí wọ́n ti dà á kọ ni wọ́n ń há a sórí, bí wọ́n sì ti há a sórí ni wọ́n ṣe ń tú u jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Gbólóhùn ìparí kì í yàtọ̀: gbogbo èyí fi hàn pé ọlọ́gbọ́n ni àwọn àgbà wa. Olùyẹ̀wò fún un ní máàkì. Kò sí ibi kankan láti orí pátákó dé orí ìwé ìdánwò tí ẹnikẹ́ni ti béèrè pé, ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Àwọn tí ń gbèjà ọ̀nà ìkọ́ni yìí ní àwíjàre tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ìlú tí kò ní ọlọ́pàá tí kò sì ní ìwé òfin nílò ọgbà, ẹ̀rù sì ni ọgbà tí ó dára jù fún ọmọdé. Wọ́n ní bí a bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin pé kí ó má fi ọ̀bẹ ṣeré nítorí pé ẹran ara rọ̀, kò ní í gbọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ní iwin yóò mú un, yóò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n tún ní ohun kan tí ó wúwo jù èyí lọ. Ilé-ìwé tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ti pe gbogbo ohun tí Yorùbá ní ní ohun asán. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì wà láàyè tí wọ́n nà nítorí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn nínú ọgbà ilé-ìwé. Bí olùkọ́ Yorùbá náà bá wá dìde láti máa fi àṣà ṣẹ̀sín, kí ni yóò kù fún ọmọ náà?

Àwíjàre ńlá ni. Àmọ́ gbígbèjà ènìyàn yàtọ̀ sí kí a sọ pé kò jẹ̀bi rí. Ohun tí ó sì burú nínú ọ̀nà orí pátákó yẹn ni pé ó da ohun mẹ́rin pọ̀ sínú àpò kan, ó sì fi okùn kan ṣoṣo dì wọ́n. Èèwọ̀ ìdílé àti ti òrìṣà wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í ti í mu ẹmu. Májẹ̀mú ni ìyẹn, ẹni tí ó bá wà nínú májẹ̀mú ni ó kàn. Èèwọ̀ ìwà wà, pé ọmọ kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sókè na ìyá rẹ̀. Òfin ọmọlúwàbí ni ìyẹn, kò sì nílò iwin. Ìkìlọ̀ ilé wà, nípa iná, nípa ọ̀bẹ, nípa kànga, nípa oòrùn ọ̀sán gangan fún aboyún. Ẹ̀kẹrin ni àwọn àmì oríire àti àgbákò: àtẹ́lẹwọ́ tí ń yún ni, ojú tí ń sé, ẹsẹ̀ tí ó kọ, ọjọ́ tí kò dára, ọwọ́ oníbàárà àárọ̀. Ti mẹ́ta àkọ́kọ́ ní olówó. Ti ìkẹrin yìí kò ní olówó, òun gan-an ni ó sì ń gun àwọn yòókù lẹ́yìn wọ inú kíláàsì.

Ẹ mú ìgbálẹ̀ òru. Nígbà tí àtùpà elépo nìkan ni ó wà nínú yàrá, ìdí tí wọ́n sọ yẹn bọ́gbọ́n mu: òrùka tàbí owó ẹyọ lè bọ́ sínú pàǹtí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gílóòbù tí ó mọ́lẹ̀ kedere ní òde òní, ìyàwó ilé ṣì ń kó ìdọ̀tí jọ sí igun yàrá di ọjọ́ kejì, kí ó má bàa gbá oríire ọkọ rẹ̀ síta. Bí ìdí tí wọ́n sọ bá ti kú tí ẹ̀rù náà sì wà láàyè, ìdí náà kọ́ ni ó bí ẹ̀rù náà. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n lọ gba ọmọ náà tọ́ lẹ́yìn tí ó ti dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbálẹ̀ tí a kì í fi na ọkùnrin. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìdọ̀tí ni, ṣé ara obìnrin ni kò mọ ìdọ̀tí?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tilẹ̀ dùn ún yẹ̀ wò jù. Wọ́n ní a kì í dáwọ́ lé nǹkan ní Ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé nǹkan náà yóò tì. Wọ́n ní ní Ọjọ́rú, nǹkan a máa rú. Ní Ọjọ́ Ajé, a kì í yá ènìyàn lówó, kí ajé má bàa tẹ̀ lé e lọ. Àwọn tí ń sọ èyí ń sọ ọ́ bí ẹni pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ tí àwọn baba ńlá Yorùbá fi ń ka ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ òrìṣà, ọjọ́ mẹ́rin ni, tí ìkà Yorùbá sọ di ọrún: ti Ifá, ti Ògún, ti Jàkúta, ti Ọbàtálá. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje gbilẹ̀ láàárín wa pẹ̀lú ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Kristi. Ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà ni àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ń pè ní Jímọ̀, ọjọ́ tí ó lọ́lá jù lọ nínú ọ̀sẹ̀ wọn. Ó wá di pé ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ́ ọjọ́ ìbùkún nínú mọ́ṣáláṣí, ó sì jẹ́ ọjọ́ ìdíwọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó fara ti ògiri mọ́ṣáláṣí náà.

Iṣẹ́ èdè ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbí, ibẹ̀ gan-an sì ni ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá ti mú un. Etí Yorùbá fẹ́ràn kí ìró ọ̀rọ̀ kan pe ìró èkejì. Orógbó wà nínú ìwúre nítorí "gbó" tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń pe ọfọ̀ mọ ọ̀nà yìí, àwọn akéwì mọ̀ ọ́n, ẹwà tí kò láfiwé sì ni nínú lítíréṣọ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí irú rẹ̀ nínú ewì yóò sọ pé akéwì fi ọ̀rọ̀ dárà, yóò sì gba máàkì fún un. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá jáde kúrò ní kíláàsì tí wọ́n ní kí ó má lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ní Ẹtì, kò ní í mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídárà ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà á. Olùkọ́ kọ́ ọ ní ọnà èdè, kò kọ́ ọ pé ìjọra ìró kì í ṣe ẹ̀rí.

"Àwọn àgbà ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀" náà kò sì dá ni lójú mọ́ fún ẹni tí ó bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní oṣù keje ọdún 2004. Ìròyìn gba gbogbo ìlú nígbà náà pé àwọn nọ́ńbà fóònù kan wà, pé ẹni tí ó bá gbé ìpè wọn, lójú ẹsẹ̀ ni yóò kú. Wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà náà sórí bébà, wọ́n ń pín in kiri. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù jáde láti sọ pé irọ́ ni. Fóònù alágbèéká tí gbogbo ènìyàn ń lò yìí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní Nàìjíríà nígbà náà, ọdún 2001 ni ó wọlé dé. Àgbà wo ni ó wá sọ ọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, ìròyìn mìíràn ní kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ti ipasẹ̀ iyọ̀ náà dèrò ilé ìwòsàn. Kì í ṣe iyọ̀ ni ó lé Ebola lọ. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ni, àwọn tí wọ́n ya aláìsàn sọ́tọ̀ ní ilé ìwòsàn Yaba, tí wọ́n sì wá gbogbo ẹni tí ó ti fara kàn wọ́n kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn.

Ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó fà á tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn fi ń di irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú, nítorí pé ìyá oníbúrẹ́dì Costain kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ èrè àti àdánù ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ó lọ sí ilé-ìwé gíga lọ. Malinowski, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, gbé láàárín àwọn ará erékùṣù Trobriand nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ń pẹja nínú ọ̀sà tí kò léwu, wọn kì í ṣe oògùn kankan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ wọ agbami òkun tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí yóò mú wá, oògùn wọn kì í lóǹkà. Agbami ni Costain. Ìyá oníbúrẹ́dì kò mọ iye tí ìyẹ̀fun yóò jẹ́ lọ́la, awakọ̀ kò mọ ẹni tí yóò dá a dúró níwájú, ọmọ ilé-ìwé kò mọ ìbéèrè tí yóò jáde. Ibi tí ọwọ́ kò bá tó ni ẹ̀rù ti máa ń fi okùn gùn.

Ní ọdún 1948, Skinner ará Amẹ́ríkà fi ẹyẹlé mẹ́jọ sínú àpótí, ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ wá fún wọn ní àkókò tí ó ti là kalẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n máa ṣe. Kò pẹ́ tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú àpótí, tí òmíràn ń na orí sí igun òkè, nítorí pé ohun tí ó ń ṣe nìyẹn nígbà tí oúnjẹ kọ́kọ́ dé. Mẹ́fà nínú wọn ni ó ní àṣà tirẹ̀. Yorùbá ti ń fi ẹyẹlé tọrọ ire tipẹ́. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni ti rò pé ẹyẹlé náà ń tọrọ tirẹ̀.

Bí ó bá mọ ní ìtùnú ọkàn nìkan, kò ní í yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn. Ìnáwó rẹ̀ ni ó ń kọ ni lóminú. Ìdí tẹ́tẹ́ lọ́tò tí àwọn ènìyàn ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú, nọ́ńbà 90 ni ó wà nílẹ̀, márùn-ún ni wọ́n ń mú jáde. Ẹni tí ó lá àlá ejò yóò lọ bá ẹni tí ó mọ nọ́ńbà ejò, ẹni tí ó lá àlá òkú yóò béèrè nọ́ńbà òkú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú nọ́ńbà méjì, tí ó ń fẹ́ kí méjèèjì jáde, ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí ìgbà 400 ni ó lè bọ́ sí i. Olùkọ́ ìṣirò lè fi hàn án lórí pátákó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ejò kò lè yí i padà. Owó oúnjẹ ọmọ ni ó ń bá àlá lọ.

Oúnjẹ ọmọ tún kọ́. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Wọ́n ní omi àgbọn a máa sọ ọmọ di olódo. Wọ́n ní aboyún tí ó bá jẹ ìgbín, ọmọ rẹ̀ yóò máa da itọ́. Apá ọ̀tún pátákó tún ti ṣe tán pẹ̀lú ìdí: ẹyin wọ́n nígbà náà, kí ọmọ má bàa mọ adùn rẹ̀ kí ó wá jí i. Ẹ wo bí ìdí yìí ti rọrùn fún ẹni tí ó sọ ọ́! Ẹyin tí ọmọ kò jẹ, ta ni ó jẹ ẹ́? Ìgbín tí aboyún kò fọwọ́ kàn, àwo ta ni ó lọ? Nínú ilé púpọ̀, èèwọ̀ oúnjẹ kì í gun àga bàbá. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6 èròjà amúnidàgbà, ọmọ tí eegun rẹ̀ ń le àti ìyá tí ń fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ mọ ọmọ ni ó sì nílò rẹ̀ jù. Àwọn gan-an ni wọ́n fi ẹ̀rù lé kúrò nídìí àwo. Olùkọ́ tí ó pe èyí ní ọgbọ́n àwọn àgbà lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọgbọ́n ẹni tí ó jẹ́.

Síbẹ̀, ẹyin kò tó ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ìyàwó ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ìyàwó tuntun kì í wọlé ọkọ láìjẹ́ pé wọ́n bu omi sí i lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí ó lè wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Àṣà tí ó dára láti fi ojú rí ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, tàbí ọjà rẹ̀ kò yá mọ́, kíákíá ni ìyá ọkọ àti àwọn àbúrò ọkọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ burúkú ni wọ́n fẹ́ wálé. Ẹni tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ níṣojú gbogbo àdúgbò, ẹsẹ̀ wo ni ó tún kù lára rẹ̀ tí ó burú? Ẹ mú obìnrin tí ó wọ ilé ọkọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan tí ó ti wà ní nǹkan bí ₦185 ti ré kọjá ₦480. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Àìmọye ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ìlẹ̀kùn láàárín ọdún náà, láti Mushin dé Surulere, ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó àti ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti pé ogún ọdún nílé. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kan, lójú ìyá ọkọ kan, ẹsẹ̀ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin náà yóò sì gbà á gbọ́ nígbẹ̀yìn, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé-ìwé pẹ̀lú nìyẹn, pé àwọn àgbà kì í sọ̀rọ̀ lásán.

Ibi tí oró ọ̀rọ̀ oríire wà nìyí. Ìgbàgbọ́ nínú oríire a máa dàbí ohun tí kò ní ọ̀tá nínú, àmọ́ bí nǹkan bá ti yí padà, ó gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan dì mú. Kì í sì í di ẹni tí ó lágbára mú. Ìyàwó tuntun ni, tàbí opó, tàbí ọmọ tí eyín òkè rẹ̀ ṣáájú hù, tàbí abuké, tàbí àfín.

Ẹni tí ó bá ní èrò Yorùbá nípa àyànmọ́ gan-an ni ó wà nínú gbogbo èyí kò tíì wo Ifá dáadáa. Ìtàn Afùwàpẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá wà nínú àkójọ Ifá tí Wándé Abímbọ́lá ṣe, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì mọ̀ ọ́n. Ìtàn mìíràn tún wà nínú Ifá nípa ìgbà tí gbogbo orí pé jọ, tí wọ́n dìmọ̀ láìpe ẹsẹ̀, tí ìmọ̀ràn wọn kò sì lè ṣẹ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ fún ẹsẹ̀ nínú ìtàn yìí ni akitiyan, iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń mú ohun tí orí yàn wá sí ìmúṣẹ. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ yìí wé ẹsẹ̀ òsì tí ó kọ òkúta ní Costain. Nínú Ifá, ẹsẹ̀ ni ó ń gbé orí lọ. Nínú èrò ẹlẹ́sẹ̀ òsì, òkúta títì ni ó ń dá orí padà. Nínú ìtàn yìí, Ifá kọ́ ni ó ni èkejì.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òótọ́ nínú pé Yorùbá kì í tún èrò ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Ìtàn sọ pé ìgbà kan wà tí ìbejì jẹ́ ohun ìbẹ̀rù, tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n yè. Lónìí, Táíwò àti Kẹ́hìndé ni orúkọ tí gbogbo ayé fi ń dá ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ sọ nígbà kan pé ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ọmọ wọ̀nyí kò dára. Ní Èkó, Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà, tí ó kú ní 1935, kò jókòó sínú ilé ìwòsàn kí ó máa bú àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná. Ó wọ inú ẹgbẹ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀, ó rí i fúnra rẹ̀ bí àwọn kan nínú wọn ti ń tan àrùn náà kálẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún ìjọba. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí Ṣọ̀pọ̀ná mọ́ ní gbogbo ayé. Ọmọ Yorùbá ni Sápárà, kò sì di òyìnbó nítorí pé ó wádìí.

Àwọn kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín nísinsìnyí nínú ìjọ wọn, pé ẹ̀sìn ti gba àwọn lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n rọra. Bíro tí wọ́n fi òróró pa lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò, ìbátan ońdè ni. Áńkáṣífù tí wọ́n gbàdúrà sí tí wọ́n wá so mọ́ iwájú ọkọ̀ kò sọ táyà tí ó ti jẹ di tuntun. Àwọn òyìnbó náà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí ń kọ́ ilé gogoro tí wọ́n fo nọ́ńbà 13, bí ẹni pé àjà tí ó wà lókè àjà kejìlá kò mọ iye tí òun jẹ́.

Kò jìnnà sí Costain ni Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti orílẹ̀-èdè wà ní Ìgánmú, èyí tí wọ́n lò fún FESTAC ní 1977, tí ìjọba sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Ṣóyínká yìí ni ó kọ The Road ní 1965, eré tí Ògún àti ojú pópó kún inú rẹ̀. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, àjọ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí èrò kan ṣoṣo: pé ìjàǹbá ọkọ̀ ní ìdí, ènìyàn sì lè dí ìdí náà. Ẹni kan náà ni ó ṣe méjèèjì. Ìmọ̀ àṣà kò sọ pé kí ó má wo táyà.

Nǹkan tí ó yẹ kí kíláàsì Yorùbá ṣe kò le. Kí pátákó ní apá kẹta. Lẹ́yìn èèwọ̀ àti ìdí tí wọ́n sọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ bí ó ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni tàbí irọ́ ni, àti ẹni tí ó jẹ èrè rẹ̀. Kí ó kọ ti odó, yóò rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Kí ó kọ ti ẹyin. Kí ó kọ ti Ẹtì, kí ó sì fi ọnà èdè tú u palẹ̀ bí ó ti ń tú ewì. Àwọn olùyẹ̀wò WAEC àti NECO náà kò ní í kú bí wọ́n bá fi ìbéèrè kan sílẹ̀ lọ́dún tí kò ní ìdáhùn àhásórí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọbìnrin kan yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò rẹ̀ pé bàbá ni ó ń jẹ ẹyin tí wọ́n fi èèwọ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọ. Olùyẹ̀wò tí ó bá fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn náà, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Ní Costain, agogo méje ti ń lù. Ìdánwò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án, ọkọ̀ kan sì ń pe èrò, àyè ẹnì kan ni ó kù.